Robert Mondavi àti Peter Àbúrò Rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a ka ìtàn Robert Mondavi, ọkùnrin tí ó ṣe wáìnì, ọtí èso àjàrà, ní Amẹ́ríkà.

Ní 1913 ni a bí i. Ará Ítálì ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ní 1943, ó rọ bàbá rẹ̀ títí ó fi ra ilé-iṣẹ́ wáìnì kan ní Napa, ní Kalifóníà. Robert ń ta ọjà. Peter ń ṣe ọtí.

Ní 1965, Peter bi í léèrè ibi tí ó ti rí owó ra ẹ̀wù onírun olówó gọbọi fún ìyàwó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ di ẹ̀ṣẹ́! Àwọn ẹbí lé Robert kúrò nídìí iṣẹ́. Ẹ̀wù nìkan kọ́ o. Èdè-àìyedè ti wà láàárín wọn tipẹ́.

Robert ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tí ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966. Láyé ìgbà náà, orúkọ ìlú Faransé ni ọ̀pọ̀ wáìnì Amẹ́ríkà ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kò ti ibẹ̀ wá. Robert wà lára àwọn tí ó ń kọ orúkọ irú èso àjàrà náà sára ìgò, kí ẹni tó ń rà á lè kà á. Ṣùgbọ́n ó gbọ́n ọgbọ́n ọjà pẹ̀lú: nígbà tí Sauvignon Blanc kò tà, ó sọ ọ́ ní Fumé Blanc. Ni wọ́n bá ń rà á!

Ó pe àwọn ẹbí rẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 1976, adájọ́ dá a láre. Ó tó 2005 kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó tún ṣe wáìnì pọ̀, àgbá kan ṣoṣo. Wọ́n tà á ní gbàǹjo, owó rẹ̀ ju 400,000 dọ́là lọ. Robert kú ní 2008, ní ẹni ọdún 94.