Hanna Nínú Ilé Elkana

Bíbélì Kíkà: 1 Samueli 1:1–18

A kò lè sọ pé kò sí ìfẹ́ nínú ilé Elkana. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá gòkè lọ sí Ṣilo, ìlọ́po méjì ni ó máa ń fún Hanna. Síbẹ̀ Hanna ń sọkún, kò sì lè jẹun. Ọkọ rẹ̀ wá bi í bí òun kò bá sàn fún un ju ọmọkùnrin mẹ́wàá lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ́ kò tíì mọ bí ọgbẹ́ náà ti jìn tó. Nínú tẹ́ḿpìlì, Eli àlùfáà tilẹ̀ rò pé ọtí ni ó ń pa á.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò dá ilé yìí mọ̀. Ọmọ kan kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ kò wù ú, ìwé tí ó ń kà kò yé e mọ́. Nílé, a ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé àdúrà rẹ̀ ni kò tó. Àwa olùkọ́ náà ti ṣe bíi Eli rí, a sì jẹ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ìkórìíra ni ó ń fà á. Dókítà T. Adéoyè Lámbò ti Ilé-ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta (ọmọ ilé-ìwé ìjọ Onítẹ̀bọmi ni òun náà) àti Alexander Leighton láti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn kò ní orúkọ kan pàtó fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gẹ́gẹ́ bí àìsàn, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ àwọn àmì rẹ̀ dáadáa: ẹkún ṣáá, àárẹ̀, àníyàn, àìlèjẹun, kí ayé súni. Wèrè ni òbí mọ̀ ní orúkọ, ẹ̀rù orúkọ náà sì ń bà wọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ àìsàn tí ẹ rí lórí fóònù. Ẹ sọ èyí tí ìyá yín lè fi ojú rí: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, láti ọjọ́ Àìkú n kò sùn ju wákàtí méjì lọ lóru, àyà mi sì ń já.” Bẹ́ẹ̀ ni Hanna ṣe dá Eli lóhùn. Kò bú u, kò sì dákẹ́. Ó ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ ni, kì í ṣe ọtí. Eli yí ohùn padà, Hanna jẹun, ojú rẹ̀ sì túká, kí ó tó lóyún Samueli rárá. Bí àwọn òbí kò bá gbọ́, ẹ wá ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà, olùkọ́ tàbí àlùfáà tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, kí ó bá yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí èrò àtipa ara ẹni bá wọlé, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí yóò yé ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún àgbàlagbà kan lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin òbí, àdúrà kò bá dókítà jà. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ ń ti Iléṣà lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ bá ọmọ náà lọ. Ní Aró, láti 1954, Lámbò a máa béèrè pé kí ìbátan kan tẹ̀lé aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká, kí ó máa se oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú.