Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Wa Tó Wà ní Wọ́ọ̀dù

Ọmọ mi, ó dùn mọ́ mi pé o gbà kí wọ́n dá ọ dúró sílé ìwòsàn. Gbọ́ tẹnu mi kí ìjókòó ìtọ́jú tí ẹ̀yin aláìsàn máa jọ ṣe tó bẹ̀rẹ̀.

1. Má fojú eré ọmọdé wo ohun tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ ṣe. Wọ́n lè gbé àwòrán kan síwájú yín tí ẹnì kan á rí ìyá arúgbó nínú rẹ̀, tí ẹlòmíì á rí ọmọge. Wọ́n lè fi íǹkì aláwọ̀ ewé kọ “pupa”, kí wọ́n ní kó o pe àwọ̀ íǹkì, kó o má ka ọ̀rọ̀ náà. Ní ilé ìwòsàn Maudsley ní London, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Kate Tchanturia, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọgbọ́n yìí fún àwọn tó ní anorexia bíi tìẹ, àìsàn tó ń mú kéèyàn máa febi pa ara rẹ̀ torí ìbẹ̀rù sísanra; ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìwọ̀n ara kì í sì í wọ inú rẹ̀. Bí ọpọlọ ṣe ń ronú ni wọ́n ń wò. Ìwọ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá pààrọ̀ abọ́ rẹ, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, wọ́n lè ní kó o kàn so aago mọ́ ọwọ́ kejì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ìyípadà kékeré lè mọ́ ọ lára. Bínú bá ń bí ọ, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Sọ ọ́ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ jókòó.

2. Jẹ ohun tí wọ́n bá gbé wá. Lọ́dún 1944, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, kó ọkùnrin 36 tára wọn le jọ, lẹ́yìn náà ó dín oúnjẹ wọn kù fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Àwọn kan wá ń ka ìwé oúnjẹ sísè bí ẹní ń ka ìtàn, wọ́n sì ń sá fún èèyàn. Apá kan nínú ohun tó ò ń pè ní ìwà rẹ, ebi ni.

3. Má bá ẹnikẹ́ni du ta ló rù jù. Bó o bá rí i pé o ti ń du ú, sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

4. Àwọn ará ilé á wá kí ọ. Ọ̀kan á ní, “Háà, o ti sanra!” Ìyìn ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n ó lè bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Ní kí ìyá rẹ kìlọ̀ fún wọn ṣáájú. Bí ìyá ìjọ bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Kó má ṣáà ní kó o gbààwẹ̀.

5. Bí wọ́n bá dá ọ sílẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí àyà rẹ ń lù kìkì, má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún ọ, lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.