Kí Ló Dé Tí A Kì Í Ṣí Rédíétọ̀ Tó Gbóná?

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ bàbá mi ti gbó, èmi sì ni mẹkáníìkì rẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ kan, ó gbóná lójú ọ̀nà, ni mo bá na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Bàbá mi pariwo pé, "Má fọwọ́ kàn án!" Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ṣé ẹ rí i, omi máa ń hó ní 100°C. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì inú ìdérí yẹn ń sé omi mọ́nú, ìfúnpá á wá ga. Bí ìfúnpá bá ga, omi kì í tètè hó. Ó lè gbóná dé nǹkan bíi 120°C. Bí ẹ bá wá ṣí i lójijì, ìfúnpá á já wálẹ̀, omi á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ta sí yín lójú. Á bó èèyàn lára gan-an ni!

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ rọ́bà abẹ́ ìdérí náà wò. Bó bá ti sán, kò lè sé ìfúnpá mọ́, omi á máa tètè hó. Ẹ ra òmíràn tí nọ́ńbà ìfúnpá rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ohun tó ṣe tiwa gan-an nìyẹn o: rọ́bà kékeré ni, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.