Má Kánjú Gba Irin Náà

Ọmọ mi, mo ka ìwé tí wọ́n kọ fún ọ nílé ìwòsàn, mo sì tún un kà. Inú mi dùn pé nígbà tí o rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ, o kò sọ pé àtọ̀sí ajá ni kí o wá gba ọ̀dọ̀ alágbo lọ. Àyẹ̀wò lo lọ ṣe.

Ohun tí ìwé náà ń sọ nìyí: iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ jáde nínú kíndìnrín òsì ní ọ̀nà tóóró kan tó gbọ́dọ̀ gbà. Òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn sọ̀ kalẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ka tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun wà níwájú. Bí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ra jù, wọ́n á há a mọ́ àárín bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà lọ, àwọn iṣan tín-ín-tín á bẹ́, ìtọ̀ á pọ́n, ẹ̀gbẹ́ òsì á máa roni.

Stent tí wọ́n fẹ́ fi sí ọ, wáyà híhun ni, ó rí bí ọ̀pá kékeré. Iṣan itan ni wọ́n máa gbà tì í wọlé, yóò sì là sínú iṣan tó há náà kó má baà tún pa dé. Wọn ò ní la ikùn rẹ. Ó ti ṣe àwọn kan láǹfààní, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n iṣan yìí rọ̀. Ó ń fẹ̀, ó ń súnkì, bí o ṣe ń mí, bí o ṣe ń dìde. Stent tí kò bá bá a mu lè yọ̀, ọkàn sì ni ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ ń ṣàn lọ. Wọ́n ti rí èyí tó ṣí kúrò tó wọ inú ọkàn lọ, tó di pé wọ́n la àyà kí wọ́n tó yọ ọ́. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ ròyìn stent fún àìsàn yìí. Ọmọ ọdún 19 ni ọ́. Bí Ọlọ́run bá fún ọ lẹ́mìí gígùn, wàá gbé irin yẹn fún 60 ọdún, kò sì tíì sẹ́ni tó gbé e tó bẹ́ẹ̀.

Wo ara rẹ ná. Láti ìgbà tí o ti dé ilé ẹ̀kọ́ ni o ti ń rù. Ọ̀rá díẹ̀ ló ń ṣe bí ìrọ̀rí láàárín òpó méjèèjì yẹn. Bí o bá sanra díẹ̀, ọ̀nà lè là fúnra rẹ̀. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ dókítà fi máa ń ṣọ́ ọ̀dọ́ fún bí ọdún méjì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Jẹun, ọmọ mi. Gàárì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kì í ṣe oúnjẹ. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dín lára rẹ, tàbí tí ìrora ò jẹ́ kí o sùn, má dúró.

Bi dókítà bóyá wọ́n ti wọn agbára ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan náà, torí ọ̀pọ̀ ẹni tára rẹ̀ le ni iṣan rẹ̀ rí tóóró nínú àwòrán. Bi í nípa iṣẹ́ abẹ tó ń gbé iṣan náà sọ̀ kalẹ̀ láìfi irin sílẹ̀. Bi í pé stent mélòó ló ti fi síbẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ tí o bá ń padà lọ, wá mú mi dání. Bí o kò bá fẹ́ kí n wọlé, màá jókòó síta dè ọ́.