Iṣẹ́ Ẹ̀rọ, Owó Ìgbọ́bùkátà àti Ìrìnàjò sí Òṣùpá

Ìbéèrè mẹ́ta ni orí ìwé yìí dá lé lórí. Èkíní ni pé ta ló yẹ kó jẹ èrè iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Èkejì ni pé ṣé ó tọ́ kí ìjọba máa fún gbogbo ará ìlú lówó tí wọn yóò fi gbọ́ bùkátà, yálà wọ́n ríṣẹ́ ṣe tàbí wọn kò rí. Ẹ̀kẹta ni pé ṣé ó yẹ kí orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa àwọn kan nínú rẹ̀ máa ná owó gọbọi lórí ìrìnàjò sí òfurufú. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń jiyàn lórí wọn, bí ẹni pé wọn kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1944 sí ọdún 1972, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé nínú ìjà kan ṣoṣo, èyí tí kò tíì parí títí di òní.

Ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ni ẹ̀rọ tó lè ṣe odindi iṣẹ́ kan láìjẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn kàn án, àfi kí ẹnì kan máa darí rẹ̀ tàbí kó máa ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1944, ní oko òwú ńlá kan lẹ́bàá ìlú Clarksdale ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ọ̀pọ̀ èrò péjọ láti wo àwọn ẹ̀rọ pupa mẹ́jọ tó ń ká òwú. Ẹni tó bá mọṣẹ́ lè fi ọwọ́ ká nǹkan bí pọ́n-ùn 20 ní wákàtí kan, ẹ̀rọ kan sì ń ká nǹkan bí pọ́n-ùn 1,000 láàárín wákàtí kan náà. Nígbà tí olóko jókòó ṣírò, ó rí i pé ìdì òwú kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ká ń ná òun ní dọ́là 39.41, èyí tí ẹ̀rọ ká sì ń ná òun ní dọ́là 5.26. Kò sí olóko tí yóò rí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ tí kò ní lọ ra ẹ̀rọ.

Ènìyàn dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ká òwú náà, àwọn tí kò ní ilẹ̀ tiwọn, tí wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí wọ́n lè pín irè oko pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn kó lọ sí Chicago, Detroit àti àwọn ìlú mìíràn ní apá àríwá orílẹ̀-èdè náà, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ tiwọn. Àwọn tí kò lè lọ dúró sí àwọn ìlú kéékèèké bíi Marks ní Mississippi, láìsí iṣẹ́, láìsí ilẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, àwọn ọ̀mọ̀wé àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan kọ̀wé sí Ààrẹ Lyndon Johnson, Linus Pauling tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lẹ́ẹ̀mejì sì wà lára wọn. Wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà bá ti ń darí ẹ̀rọ, ọjọ́ ń bọ̀ tí ọjà yóò kún igbá, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ tí wọn yóò fi rà á yóò máa dín kù, nítorí náà kí ìjọba fi òfin fún olúkúlùkù ní iye owó tó tó o jẹ, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ rí. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni orí ìwé yìí pè ní owó ìgbọ́bùkátà, ìyẹn iye kan pàtó tí ìjọba ń san déédéé, tó kan olówó àti tálákà, tí kò sì sí májẹ̀mú pé kí ẹni tó fẹ́ gbà á kọ́kọ́ wáṣẹ́ tàbí kó fi ẹ̀rí òṣì hàn. Ó yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́ tó wà fún aláìní nìkan, ó sì yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì, èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ náà jábọ̀ ní ọdún 1966. Wọ́n ní ẹ̀rọ a máa pa irú iṣẹ́ kan run, ṣùgbọ́n kì í pa iṣẹ́ ṣíṣe fúnra rẹ̀ run. Síbẹ̀, àwọn náà dámọ̀ràn pé kí ìjọba ṣètò iye owó kan tí ìdílé kankan kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí rí òótọ́ ju àwọn tó kọ̀wé ní ọdún 1964 lọ, nítorí pé iṣẹ́ kò tíì tán láyé. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tuntun kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rọ gba tirẹ̀. Ẹni ọdún márùn-úndínláàádọ́ta tó ti ń ká òwú láti kékeré kò lè di ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun lọ́sẹ̀ náà.

Àwọn tó lòdì sí owó ìgbọ́bùkátà ní tiwọn sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni ni kì í tan ni jẹ, pé owó tí ènìyàn kò ṣiṣẹ́ fún yóò sọ ọ́ di ọ̀lẹ, àti pé kò sí orílẹ̀-èdè tí àpò rẹ̀ lè gbé e. Iyèméjì wọn kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò fún ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1976, ìpínlẹ̀ Alaska ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi apá kan owó epo rọ̀bì pamọ́ sínú àpò ìdókòwò ìlú, láti ọdún 1982 ni wọ́n sì ti ń pín nínú èrè rẹ̀ lọ́dọọdún fún gbogbo ẹni tó ń gbé níbẹ̀, tàgbà tèwe. Dọ́là 1,000 ni wọ́n san fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún àkọ́kọ́. Owó náà kò tó ẹni kan gbọ́ bùkátà ọdún kan, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé iye àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò tìtorí rẹ̀ dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ pọ̀ sí i.

Ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti owó wá kan òṣùpá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje, nígbà tó ku ọ̀la kí rọ́kẹ́ẹ̀tì Apollo 11 gbéra lọ sí òṣùpá, Ẹni Ọ̀wọ̀ Ralph Abernathy, tó gba ipò Martin Luther King, olórí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ènìyàn dúdú, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa King ní ọdún tó ṣáájú, kó àwọn ìdílé tálákà wá sí ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì ní Florida. Ìbaaka, ìyẹn ẹran tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá abo ẹṣin bí, ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Òun náà ni àwọn tálákà fi rìn jáde láti Marks lọ́dún tó ṣáájú, nítorí pé ìbaaka ló ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní oko òwú kí katakata tó gba iṣẹ́ rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 110 wà ní ìdúró. Thomas Paine, olórí iléeṣẹ́ NASA tó ń bójú tó ìrìnàjò òfurufú, jáde lọ pàdé wọn ní pápá láìwọ kóòtù. Ojú ọ̀run ṣú, àrá ń sán lókèèrè, òjò sì ń wẹ́ wínníwínní. Abernathy sọ fún un pé nínú ènìyàn márùn-ún ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan kò rí oúnjẹ, aṣọ, ilé àti ìtọ́jú tó péye. Paine fèsì pé bó bá jẹ́ pé kí àwọn má tẹ bọ́tìnì rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́la ni yóò mú òṣì kúrò, àwọn kò ní tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ Abernathy pé kó gbàdúrà fún àwọn tó ń lọ, Abernathy sì gbà, Paine sì fi àyè sílẹ̀ fún díẹ̀ nínú àwọn ìdílé náà láti wá wo bí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ṣe gbéra.

Òótọ́ ni Paine sọ, nítorí ní ọdún 1966 tí owó NASA ga jù lọ, kò ju nǹkan bí 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ ná lọ, ó sì ti ń já wálẹ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n èsì rẹ̀ kò kan ibi tí ọ̀rọ̀ Abernathy ti dunni jù: ìjọba tó lè dá ìgbà pé kí ọdún mẹ́wàá tó pé ènìyàn yóò tẹ òṣùpá kò dá ìgbà kankan fún ebi.

Inú NASA gan-an ni ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn oníjà méjèèjì ìbá lò. Ní ibùdó Langley ní ìpínlẹ̀ Virginia, àwọn obìnrin ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa fi pẹ́ńsù àti ẹ̀rọ orí tábìlì ṣe ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nílò, Dorothy Vaughan sì ni olórí àwọn tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú wọn. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà IBM dé, tó hàn gbangba pé yóò gba iṣẹ́ wọn, Vaughan kọ́ èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní FORTRAN, ó sì kọ́ àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn yí padà, owó oṣù wọn kò sì dá. Àwọn tó wà ní Clarksdale kò rí ẹni kọ́ wọn ní nǹkan kan, kò sì sí owó oṣù tí wọn yóò máa jẹ lọ bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ.

Ní ti èrè tó wà nínú ìrìnàjò òfurufú, èyí tó ṣe kókó jù ni sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sókè kó lè máa yí ayé po, kó máa gbé ọ̀rọ̀, kó sì máa ya àwòrán ilẹ̀ àti ojú ọjọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ Kennedy tó wà ní Washington bá Olóòtú Ìjọba Nàìjíríà, Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2, inú ọkọ̀ ojú omi kan tó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó ni Balewa sì wà. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀, NigeriaSat-1, tó wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí ìjì Katrina bà jẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Èyí tí wọ́n gbé sókè ní ọdún 2007, NigComSat-1, kò pé ọdún méjì tó fi dákú. Owó irú nǹkan báyìí kò ṣòfò bí àwòrán ojú ọjọ́ bá dé ọwọ́ àgbẹ̀ kó tó gbin àgbàdo. Bí inú ọ́fíìsì ló bá kú sí, òfò ni.

Ní ti owó ìgbọ́bùkátà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1969, kò tíì pé ogún ọjọ́ tí ènìyàn tẹ òṣùpá, Ààrẹ Richard Nixon gbé àbá jáde pé kí ìjọba rí i dájú pé ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin tó jẹ́ aláìní ń gba dọ́là 1,600 lọ́dún. Kì í ṣe owó ìgbọ́bùkátà pátápátá, nítorí ó ní májẹ̀mú iṣẹ́, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà kò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ilé aṣojúṣòfin fọwọ́ sí i ní ọdún 1970. Ní ilé aṣòfin àgbà, àwọn kan ní owó náà ti pọ̀ jù, àwọn kan ní ó kéré jù, wọ́n sì pa á sáàárín ara wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972, àwọn arúgbó, afọ́jú àti aláàbọ̀ ara nìkan ni òfin tuntun dá lóhùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, ìrìnàjò Apollo tó gbẹ̀yìn padà láti òṣùpá, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1975, owó NASA kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ ná mọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé kí wọ́n pa ìrìnàjò òfurufú tì kí tálákà lè jẹun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ òfin tí yóò gbé owó náà dé ọwọ́ tálákà, nítorí pé Amẹ́ríkà dín owó òṣùpá kù lóòótọ́, kò sì sí òfin tó ní kí owó náà dé ọwọ́ àwọn tí ẹ̀rọ lé kúrò ní oko òwú.