Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Micra Àlòkù, Àìsàn Rẹ̀ àti Owó Àtúnṣe Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí dá lórí ọkọ̀ kékeré, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ti ra Micra tòkunbọ̀ láti máa fi kó tòmátì, ẹja tàbí aṣọ.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé Micra ló gba ìgboro níbẹ̀ fún takisí. Ó nídìí. Kì í mu epo púpọ̀, páàtì rẹ̀ wà káàkiri, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Èyí tí à ń rí jù nígboro, 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Sunderland, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìran tó tẹ̀lé e jáde ní 2002. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ wò: ó ti lé ní ogún ọdún.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé owó tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni owó ọkọ̀ tán. Bí a kò bá yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀, owó ọjà wa ni ọkọ̀ yóò máa jẹ. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú wa tó ń ta ẹja. Hóòsì kékeré kan ló ya. Awakọ̀ ń bu omi sí i, ó ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ́ńjìnì gbóná títí tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì fi jó. Owó páálí ẹja ló bá a lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ìsọ̀ rẹ̀ sì ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní í gbà.

Àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ nìyí:

1. Ẹ́ńjìnì tó ń gbóná. Rédíétọ̀ tó dí, hóòsì tó ya, fáànù tí kò yí, tàbí pọ́ọ̀ǹpù omi tó ń jò ló máa ń fà á. Bí omi bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ má fojú fò ó. Bí abẹ́rẹ́ ìgbóná bá gòkè tàbí iná pupa bá tàn, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣí rédíétọ̀ nígbà tó gbóná, yóò bó yàn ni. Owó hóòsì kò tó nǹkan. Owó rédíétọ̀ wà láàárín. Ti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló wúwo, nítorí orí ẹ́ńjìnì náà lè tẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú.

2. Ọ́ìlì àti ṣéènì. Micra ti 1992 yìí kò lo bẹ́líìtì nínú ẹ́ńjìnì láti yí táímínì, ṣéènì ló ń lò. Ọ́ìlì tó mọ́ ló sì ń jẹ́ kí ṣéènì pẹ́. Bí ẹ bá ṣíná láàárọ̀ tó ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ṣéènì ti ń dẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì pẹ̀lú fílítà rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Gálọ́ọ̀nù onílíta 4 kan tó o. Owó rẹ̀ kò ṣeé fi wé owó ẹ́ńjìnì.

3. Ẹsẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá yíwọ́ dé òpin tó ń dún “ká-ká-ká”, jọ́ìntì ṣáàfù ni. Rọ́bà tó bo jọ́ìntì yìí ló kọ́kọ́ máa ń ya, gíríìsì á dà nù, iyanrìn á wọlé. Bí ẹ bá tètè pààrọ̀ rọ́bà, ẹ kò ní ra jọ́ìntì. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àpò ẹ̀wà àti iṣu, ẹ dákun, ọkọ̀ èrò ni Micra, kì í ṣe lọ́rì. Àpọ̀jù ẹrù ló ń pa ṣọ́ọ̀kù.

4. Bírèékì. Bó bá ń han bí irin tó ń ha irin, páàdì ti tán. Ẹni tó bá ń dá ọjọ́ sí páàdì yóò ra dísìkì mọ́ ọn, bí kò bá tilẹ̀ bá ewu pàdé. Èyí kò ṣeé sún síwájú rárá.

5. Bátìrì tí kì í gbé e. Kí ẹ tó ra bátìrì tuntun, ẹ jẹ́ kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó wà láàárín fọ́ọ̀tì 13.5 sí 14.5. Bó bá kéré sí i, ọ́tánétọ̀ tàbí bẹ́líìtì rẹ̀ ni ẹ yẹ̀ wò. Bátìrì tuntun yóò kú sórí rẹ̀ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣíná sí i. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọnú ẹ́ńjìnì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, omi ni. Èéfín aró, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ bèèrè owó páàtì lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè iye páàtì ní ìsọ̀ méjì, bí a ti ń ná ọjà náà ni. Ẹ gba páàtì àtijọ́ padà kí ẹ fojú rí i. Bó bá sì di pé ẹ fẹ́ ra ẹ́ńjìnì àlòkù ní Ládìpọ̀ ní Mushin, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì fẹnu kò lórí ọjọ́ tí ẹ ó fi dán an wò.

Ní ìparí, ẹ máa dá àjọ fún ọkọ̀ yín. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹ bá ń yọ ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 6, ₦6,000 ni lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 4 á di ₦24,000. Bí iṣẹ́ yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fi kún un. Owó yìí kì í ṣe owó aṣọ ẹbí o! Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ké, òun ni ẹ ó fi dá a lóhùn, owó ọjà á sì wà níbi tó wà.

A kò ní rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà. Ọkọ̀ wa kò ní jẹ owó wa gbé o. Àṣẹ.