Tánkì Epo Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tó Ń Jò: Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Kí Ẹ Tó Ronú Kan Wẹ́dà

Ẹ̀yin ará wa tí omi lé kúrò nílé, púpọ̀ nínú yín ló gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ jáde kí ẹ tó gbé àpótí aṣọ. Ó yé wa. Ẹni tó ń pẹja tàbí tó ń kó èrò lórí ọ̀sà mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yẹn ni yóò kọ́kọ́ mú owó wálé. Ṣùgbọ́n bí tánkì rẹ̀ bá ń jò, ẹ má ṣe sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ òní. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ, ilẹ̀ náà sì ni ẹní àwọn ọmọ àti sítóòfù wà. Ẹ gbé tánkì náà síta, síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó jìnnà sí iná ìdáná àti jẹnẹrétọ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wá ibi tó ti ń jò gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe tánkì ló ní àrùn. Ẹ nu gbogbo ara rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wá fi ẹfun kun ojú ìdè rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ẹnu ibi tí rọ́bà ti wọlé. Ibi tí epo bá ti ń yọ, ẹfun ibẹ̀ á tutù, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ rọ́bà roboto tí ẹ fi ń fa epo títí yóò fi le, kí ẹ wo rọ́bà epo láti ìkángun kan dé èkejì. Èyí tó ti gbó máa ń sán níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló sán, tó sì ṣì gùn tó, ẹ gé orí rẹ̀ sọnù, kí ẹ tún un dè. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti le, ẹ ra òmíràn, kó sì jẹ́ rọ́bà epo, nítorí bẹntiróòlù máa ń jẹ rọ́bà omi. Ẹ wo òrùka rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ìsopọ̀ pẹ̀lú.

Tánkì mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ló ń jò. Oòrùn ló ń mú epo inú rẹ̀ wú, tó sì ń tì í jáde lẹ́nu ìdérí. Ẹ má ṣe rọ epo dé ẹnu mọ́.

Bó bá wá jẹ́ ara tánkì ni, tánkì onírin àtijọ́ máa ń ti inú jẹrà. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń jókòó sí tí irin yóò fi dípẹtà. Omi iyọ̀, irú èyí tí òkun máa ń gbé wọ Ayétòrò, tún máa ń yára ṣe é ju omi òjò lọ. Ẹ da díẹ̀ nínú epo ìsàlẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ jẹ́ kó tòrò: omi á wà nísàlẹ̀, epo á wà lókè. Bí ẹ bá rí ẹ̀tù pupa níbẹ̀, ihò kan kọ́ ló ń bọ̀, ẹ máa wá owó tánkì mìíràn.

Fún ihò bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ lè fi ọṣẹ ìfọṣọ tó le ra á títí yóò fi dí. Bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ, omi ló ń yọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi í pẹ́ nínú ọkọ̀. Ó lè gbé yín dé èbúté, ẹ má gbé e lọ sójú òkun. Èyí tó ń pẹ́ jù ú lọ ni gọ́ọ̀mù túùbù méjì tí a ń pò pọ̀, tí wọ́n kọ sí lára pé bẹntiróòlù kò lè jẹ ẹ́. Ẹ da epo inú tánkì tán sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi ọwọ́ ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi máa dán. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ ìhanrin, iná máa ń ta lára rẹ̀. Ẹ fún gọ́ọ̀mù náà ní odidi ọjọ́ kan kó le. Ti tánkì oníke yàtọ̀: gọ́ọ̀mù kì í di ara rẹ̀ mú dáadáa, pípààrọ̀ ló dára jù.

Ẹ má gbé tánkì fún wẹ́dà. Tánkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí ooru epo tó kù sínú rẹ̀ ti pò mọ́ afẹ́fẹ́, tí iná bá kàn án, ó lè bú gbàmù. Fífọ̀ ọ́ kò tó, torí epo máa ń sá pamọ́ sínú ojú ìdè àti ìpẹtà, á tún jáde bí irin bá gbóná.

Bí ẹ́ńjìnnì yín bá jẹ́ Johnson tàbí Evinrude ayé àwọn ọdún 1950, ẹ wo rọ́bà rẹ̀: bó bá jẹ́ méjì tó so pọ̀, ẹ́ńjìnnì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú tánkì láti fi ti epo jáde. Bí ìdérí rẹ̀ kò bá dì, ẹ́ńjìnnì á máa kú láìsí epo tó ń kán. Tánkì ìgbàlódé kò lè bá a ṣiṣẹ́ àfi kí mẹkáníìkì so pọ́ńpù epo mọ́ ọn.

Bó bá sì jẹ́ kẹ́ẹ̀gì lágbára yín gbé fún ìgbà díẹ̀, ẹ dè é mọ́ ọkọ̀ kó má baà ṣubú, kí ẹ sì fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára yíká. Kẹ́ẹ̀gì omi mímu pọ̀ níbi tí a wà yìí, àwọn ọmọdé kì í sì í gbóòórùn kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu.